Awò ọ̀nà jíjìn fún ọdẹ: kí ni $300 lè rà tí kò ní já ni kulẹ̀?

Àlàbí_Georgia

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àrìnpa o fún gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń wọgbó.

Mo fẹ́ ra bainọ́kúlà kí àkókò ọdẹ àgbọ̀nrín tó wọlé. Georgia ni mo wà, mo máa ń dẹ̀gbẹ́ ní Oconee National Forest. Igi páìnì ló pọ̀ níbẹ̀, abẹ́ wọn sì dí. Àga orí igi ni mo máa ń jókòó sí, ibi tí mo sì ti ń rí ẹran kì í sábà ju 100 yáàdì lọ.

$300 ni mo yà sọ́tọ̀. Bó bá fi díẹ̀ lé e, èmi ò ní bínú, ìyàwó mi ló máa bínú. Mo ti lé ní 50 ọdún, mo sì ń lo jígí ojú. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù kan ní kí n ra 12x50, pé yóò gbé ẹran wá sábẹ́ imú mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní 8x42 ti tó. Mo tún rí irú èyí tó jẹ́ pé téèyàn bá tẹ bọ́tìnì, á sọ bí ẹran ṣe jìnnà tó. Orí mi ti dàrú.

Ohun tó jẹ́ kí n nílò rẹ̀ gan-an ni òfin ìwo. Níbí, akọ àgbọ̀nrín 2 péré lèèyàn lè pa ní sáà kan. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ ní ẹ̀ka ìwo 4 ó kéré tán lápá kan, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gùn tó íǹṣì 1, tàbí kí fífẹ̀ ìwo náà tó íǹṣì 15. Òfin gbà wá láyè láti ìṣẹ́jú 30 kí oòrùn tó yọ títí di ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn tó bá wọ̀, àkókò yẹn gan-an sì lẹran máa ń jáde. Ta ló lè fi ojú lásán ka ẹ̀ka ìwo nínú ìmọ́lẹ̀ bàìbàì bẹ́ẹ̀?

Ṣẹ́gun_Texas

Ẹ̀gbọ́n, 10x42 ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má wulẹ̀ rò ó lọ títí. Gbogbo ẹni tí mo mọ̀ tó ń dẹ àgbọ̀nrín níhìn-ín, òun ló wà lọ́rùn wọn.

Ìṣirò kan wà tí wọ́n fi ń mọ awò tó ń ríran dáadáa ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì sọ ara wọn di púpọ̀, kẹ́ ẹ wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé tó bá sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, iye yẹn náà ló máa fún yín. 8 lọ́nà 42 jẹ́ 336, ẹ ó rí 18.3. 10 lọ́nà 42 jẹ́ 420, ẹ ó rí 20.5. Èyí tó pọ̀ jù ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ ka ìwo.

Èyí tó ń wọn jíjìn, ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá dáa, owó rẹ̀ ju $300 lọ fíìfíì. Tí kò bá ju $300 lọ, ẹ̀rọ ìwọ̀n lẹ rà, gíláàsì rẹ̀ ò ní tó nǹkan. Ní 100 yáàdì, kí lẹ tún fẹ́ wọ̀n?

Ìyá_Ẹlẹ́yẹ

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí obìnrin dá sí i. Ẹyẹ ni mo máa ń wò, mi ò pa nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi awò wá irú ẹ̀gà pupa-òun-dúdú tí wọ́n ń pè ní Ibadan malimbe nínú igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ó mọ ohun tí ojú ẹ̀gbọ́n Àlàbí ń rí. Abẹ́ igi ṣókùnkùn, ewé dí ojú ọ̀nà, ohun téèyàn ń wá ò sì ní dúró.

Ẹ jẹ́ ká mú nọ́ńbà yẹn lẹ́sẹẹsẹ. Ti àkọ́kọ́, 8 tàbí 10 tàbí 12, ni iye ìgbà tí nǹkan máa fi tóbi lójú yín. Ti kejì ni fífẹ̀ gíláàsì iwájú ní mìlímítà. Ẹ fi ti àkọ́kọ́ pín ti kejì: 42 tẹ́ ẹ bá fi 8 pín jẹ́ 5.25. Ìyẹn ni fífẹ̀ òpó ìmọ́lẹ̀ tó ń ti inú awò jáde sínú ojú yín. 10x42 jẹ́ 4.2. 12x50 tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù ń pariwo rẹ̀ kò ju 4.17 lọ, bó ṣe wúwo tó yẹn. Kékeré tó ń wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì, 10x25, jẹ́ 2.5 péré. Lọ́sàn-án gangan kò sóhun tó ṣe é. Tí oòrùn bá ti wọ̀, àfi kẹ́ ẹ gbé e kọ́ ọrùn fún ẹ̀ṣọ́.

Ṣẹ́gun, ìṣirò rẹ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ gíláàsì tó dáa yàtọ̀ sí gíláàsì ìgò ọtí. Bainọ́kúlà $40 tí wọ́n kọ 10x42 sí lára àti ti Swarovski tó lé ní $2,000, 20.5 kan náà ló máa fún àwọn méjèèjì. Ṣé wọ́n rí bákan náà lójú rẹ?

Gbígbọ̀n ọwọ́ náà ń bẹ ńbẹ̀. Bí awò bá mú ẹran tóbi lọ́nà 12, ó ti mú gbígbọ̀n ọwọ́ náà tóbi lọ́nà 12. Ẹni tó gun àga orí igi, tí ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì nítorí pé ó rí ìwo, ọwọ́ rẹ̀ kò lè dúró. Láìsí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tẹ́ ẹ máa gbé e lé, 12 á kàn máa jó lójú yín ni. 10 ṣeé gbé dúró fún ọ̀pọ̀ èèyàn. 8 rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú igbó tó dí, 8 tún ní oore kan tí kì í sí lára páálí: ẹ̀ka igi tó wà níwájú ẹran àti ẹran fúnra rẹ̀ lè jọ hàn kedere láìjẹ́ pé ẹ̀ ń fọwọ́ yí kọ́kọ́ àárín ní gbogbo ìgbà.

8x42 ni tèmi. Nínú igbó o. Mi ò sọ pé ní aṣálẹ̀ Texas.

Ṣẹ́gun_Texas

Àǹtí, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ní ìwọ̀-oòrùn Texas, ẹran lè wà ní 400 yáàdì tí kò sí igi kankan láàrin. Ẹni tó bá mú 8 wá síbẹ̀, ìwo yẹn á kàn rí bí ẹ̀ka gbígbẹ lójú rẹ̀ ni. 10x42 ni mo ṣì ń sọ.

Ọdẹ_ÒkèÒgùn

Mo kí gbogbo yín láti Ṣakí. Àlàbí, ọmọ mi, o kú ìrìn.

Láyé tiwa, iná kábáídì là ń gbé sórí. Lóru, ojú ẹran ló máa ń tàn padà sí ọdẹ, awò kò ní iṣẹ́ kan tó fẹ́ ṣe níbẹ̀. Títí di òní, ẹni tó bá ń fi tọ́ọ̀ṣì orí dẹ̀gbẹ́ lóru, kó fi owó awò ra bátìrì. Ọ̀sán ni tèmi báyìí. Orí àpáta ni mo máa ń jókòó sí, mo ń wo ọ̀dàn: ẹtù, àparò, ìgalà níbi tó bá ṣẹ́kù sí, àti màlúù tó ń bọ̀ wá jẹ oko wa. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ìhín ló ti di olùṣọ́, pàápàá láti ìgbà tí wọ́n ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020. Ìṣọ́ ni wọ́n ń fi awò ṣe ju ẹran lọ. (Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń bọ̀ wá sílé, ẹ má gbàgbé pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pa ẹran nínú Old Oyo National Park. Ẹ gbé awò wọbẹ̀, ẹ fi ìbọn sílé.)

Ohun tó mú mi wá síbí nìyí. Mo ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó gbé awò lé orí ìbọn, tó jẹ́ pé awò ìbọn yẹn ni wọ́n fi ń wá ẹran kiri. Bí ewé bá mì, ìbọn ni wọ́n máa nà sí i kí wọ́n tó mọ ohun tó mì í. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, tó bá di ìgbà èmí, àwọn obìnrin máa ń jí lọ ṣa èmí nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi, aṣọ wọn á jọ àwọ̀ ilẹ̀. Ẹni tó bá fi ìbọn wo irú wọn ti na ìbọn sí ìyá ọlọ́mọ. Awò ọrùn ni kẹ́ ẹ fi wá nǹkan. Tí ẹ bá ti dá a mọ̀ tán pé ẹran ni, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó gbé ìbọn. Ọmọ tí kò bá lówó awò méjèèjì, kó ra ti ọrùn ná.

Àlàbí_Georgia

Baba, ẹ ṣeun gan-an ni. Níbí, òfin ní ká wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò, 500 íǹṣì onígun mẹ́rin ó kéré tán, ní gbogbo sáà tí wọ́n bá ń fi ìbọn dẹ àgbọ̀nrín. Síbẹ̀, ẹni tó ń rìn gbẹ̀fẹ́ kiri inú igbó lè má wọ̀ ọ́. Mo gba ọ̀rọ̀ yín.

Ìyá Ẹlẹ́yẹ, ẹ ti là mí lójú. Ọ̀rọ̀ jígí mi ńkọ́?

Dókítà_Ojú

Ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ ojú ni mo ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìyẹn.

Ọmọlójú èèyàn máa ń ranjú nínú òkùnkùn kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Ti ọ̀dọ́ lè fẹ̀ tó mìlímítà 7. Bá a bá ṣe ń dàgbà ló ń dín kù. Lẹ́yìn 50 ọdún, ti ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sábà ju nǹkan bí 5 lọ. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ ra 8x56 táwọn ọdẹ Jámánì fẹ́ràn fún alẹ́, òpó ìmọ́lẹ̀ mìlímítà 7 ló ń mú jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí ọmọlójú yín ni èyí tó kù máa dà sí. Ó sì máa ń wúwo ju kílò 1 lọ. 5.25 ti 8x42 bá ojú yín mu wẹ́kú.

Ní ti jígí, nǹkan kan wà tí wọ́n máa ń kọ sínú ìwé awò: bí ojú yín ṣe lè jìnnà sí gíláàsì ẹ̀yìn tó, tẹ́ ẹ ó sì ṣì rí gbogbo àwòrán náà. Ẹni tó ń wọ jígí, kó má gba ohun tó bá kéré sí mìlímítà 15. 17 sókè ló tuni lára. Bí kò bá tó, ṣe ló máa dà bíi pé ẹ̀ ń yọjú wo ìta láti ihò kọ́kọ́rọ́. Kẹ́ ẹ tún yí rọ́bà ibi tójú ń gbé sí wálẹ̀ pátápátá tẹ́ ẹ bá wọ jígí. Ẹni tí kò wọ̀ ọ́ ni kó yí i sókè.

Ìbéèrè kan: kí ló ṣe ojú yín? Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn nìkan lẹ ò rí, tàbí ìtòsí nìkan, ẹ lè bọ́ jígí sílẹ̀, kọ́kọ́ awò á bá yín tún un ṣe. Bó bá jẹ́ astigmatism ni, ìyẹn ni pé iwájú ẹyinjú kò rí róbótó dọ́gba, awò kò lè tún ìyẹn ṣe, ẹ gbọ́dọ̀ wọ jígí yín.

Àlàbí_Georgia

Astigmatism wà níbẹ̀, Dókítà. Ojú méjèèjì.

Dókítà_Ojú

Jígí ni nígbà náà. 17 sókè.

Àjàní_Glasgow

Ẹ kú àṣàrò o. Scotland ni mo wà, roe, irú àgbọ̀nrín kékeré kan, ni mo sábà máa ń dẹ. Láti October 2023, òfin ti fàyè gba akọ jálẹ̀ ọdún, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yìnbọn sí abo láti 1 April títí di 20 October. Torí náà, awò ni mo fi ń wo ẹran kí ọwọ́ mi tó kan ìbọn, gẹ́gẹ́ bí Baba ṣe wí.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí inú awò, torí ibẹ̀ ni owó ń gbà wọlé. Oríṣi méjì ló wà. Èyí tí ara rẹ̀ ga gbọnrangandan, tí gíláàsì iwájú àti ti ẹ̀yìn wà lórí ìlà kan, ni wọ́n ń pè ní roof. Èyí tí èjìká rẹ̀ yọ sí ẹ̀gbẹ́, bí irú tó máa ń wà lọ́rùn àwọn ọ̀gágun nínú fíìmù àtijọ́, ni Porro. Orúkọ ọmọ Ítálì tó ṣe é ní 1854, Ignazio Porro, ni wọ́n fi pè é. Zeiss ló wá sọ ọ́ di bainọ́kúlà tó tà dáadáa, láti 1894 ní ìlú Jena.

Roof fúyẹ́, ó ṣeé gbá mú, omi kì í tètè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ inú rẹ̀ le. Ìmọ́lẹ̀ máa ń pín sí méjì nínú rẹ̀, àfi kí wọ́n kun prism rẹ̀ (gíláàsì inú tó ń yí àwòrán padà kó má bàa dorí kodò) ní ohun tí wọ́n ń pè ní phase coating kí àwòrán má bàa dàrú. Kí wọ́n tún kun ọ̀kan nínú ojú rẹ̀ kó lè dá ìmọ́lẹ̀ padà dáadáa. Èyí tó dáa jù nínú ìkùn yẹn ni dielectric. Porro kò nílò ìkankan nínú méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí Porro $150 fi lè fojú roof $150 gbolẹ̀. Nikon Action EX 8x40, bẹ́ ẹ bá rí i, irú rẹ̀ ni. Omi kò wọlé, ibi tó ń fi hàn fẹ̀, jígí sì lè bá a lò. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó wúwo, gíráàmù 855, ó sì gba àyè láyà.

Ní Britain, a máa ń rí Jenoptem 8x30 ti Zeiss Jena, ti Jámánì ìlà-oòrùn ayé ìjọba Kọ́múníìsì, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù. Gíláàsì rẹ̀ dáa ju owó rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n Àlàbí, ẹ má ṣe rà á. Ẹni tó ń wọ jígí kò lè gbádùn rẹ̀, òjò kan ṣoṣo sì lè wọ inú rẹ̀.

Lára páálí, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “fully multi-coated” sí, ìyẹn ni pé gbogbo ojú gíláàsì ni wọ́n kùn lákùntúnkùn. Bó bá jẹ́ “coated” nìkan ni wọ́n kọ, ó lè jẹ́ ojú gíláàsì kan ṣoṣo ni wọ́n kùn tí wọ́n ń fọ́nnu. Kí gíláàsì prism jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní BaK-4. Kí wọ́n sì ti fi náítírójìn tàbí ágọ́ọ̀nù kún inú rẹ̀ kí ìrì má bàa bò ó láti inú.

Ọmọ_Alábà

Ẹ̀yin ará òkè òkun, owó ló ń gbóná sí yín lápò. Lọ́jà níhìn-ín, mo rí èyí tí wọ́n kọ 20-180x100 sí, ojú rẹ̀ pupa bí iná, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára pé ó ń ríran lóru. Owó rẹ̀ ò tó ìdá mẹ́wàá $300 yín. 180 o! Ẹ̀yin ń jà lórí 8 àti 10.

Ìyá_Ẹlẹ́yẹ

Ọmọ Alábà, mo fẹ́ràn rẹ. Mú rúlà, kó o lọ wọn ojú gíláàsì iwájú yẹn. Mìlímítà 100 fẹ̀ ju ẹnu ife mímu lọ. Tó bá tó 40, wá sọ fún mi. Ká tiẹ̀ ní ó jẹ́ 100 lóòótọ́, fi 180 pín in: kò pé mìlímítà 0.6. Òkùnkùn biribiri lọ́sàn-án gangan nìyẹn. Ọwọ́ wo ló sì máa gbé 180 dúró?

Pupa yẹn, ìdí tó fi ń pupa lójú rẹ ni pé ìmọ́lẹ̀ pupa ni gíláàsì náà ń lé padà sí ìta. Èyí tó wọlé máa ṣẹ́ku àwọ̀ ewé àti búlúù. Ọ̀dàn tó ti gbẹ á máa rí bí isàlẹ̀ odò. Ìkùn tó dáa kì í hàn tó bẹ́ẹ̀. Tó o bá gbé e síwájú iná, wàá rí àwọ̀ ewé tàbí àlùkò fífẹ́lẹ́, tó ṣókùnkùn.

Ìbéèrè ìkẹyìn: níbo ni bátìrì rẹ̀ wà? Awò tó ń ríran lóru máa ń lo iná.

Ọmọ_Alábà

Kò ní bátìrì 😂 Ẹ jẹ́ kí n lọ bá ẹni tó ń tà á.

Àlàbí_Georgia

Mo ti wo ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Méjì ló kù báyìí, 8x42 làwọn méjèèjì: Vortex Diamondback HD, tó máa ń wà láàrin $200 sí $250, àti Nikon Monarch M5, tó sún mọ́ $300. Ẹ sọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́.

Ṣẹ́gun_Texas

Ẹ ti kọ̀ láti gba 10, ó dáa. Vortex ni tèmi nínú méjèèjì. Wisconsin ni ilé iṣẹ́ wọn wà. Bí awò bá fọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n á tún un ṣe tàbí kí wọ́n fún yín ní òmíràn, títí ayé. Wọn ò bi yín ní ìwé ẹ̀rí ọjà, wọn ò sì bi yín bóyá ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rà á. Àfi tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ nù, tàbí tí wọ́n jí i, tàbí tẹ́ ẹ mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́. Ẹni tó ń gun igi mọ̀ pé nǹkan máa ń bọ́ lọ́wọ́. $50 tó ṣẹ́kù, ẹ fi ra okùn tó ń kọjá léjìká méjèèjì. Ó sàn fún ọrùn ju okùn inú páálí lọ, awò kì í sì í lu ìbọn tẹ́ ẹ bá ń gun àkàbà.

Ìyá_Ẹlẹ́yẹ

Dielectric àti phase coating wà nínú àwọn méjèèjì, kò sí ìyà níbẹ̀. Fífẹ̀ ibi tí wọ́n ń fi hàn ló yàtọ̀. Ní 1,000 yáàdì, Diamondback ń fi 393 ẹsẹ̀ bàtà hàn, Monarch ń fi 335 hàn. Ní 100 yáàdì ti ẹ̀gbọ́n, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 39 sí 33. Ẹran tó ń sáré láàrin igi páìnì, 39 dáa ju 33 lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọ̀rọ̀ Dókítà. Àyè ojú, ìyẹn bí ojú ṣe lè jìnnà sí gíláàsì ẹ̀yìn tó, ti Diamondback jẹ́ mìlímítà 17, ti Monarch jẹ́ 19.5. Fún ẹni tó ń wọ jígí, fífẹ̀ 39 yẹn lè má dé ojú rẹ̀ tán bí jígí rẹ̀ bá nípọn tàbí tó bá jìnnà sójú. Monarch tún ní gíláàsì ED tó ń dín àwọ̀ àlùkò tó máa ń yọ létí ìwo kù nígbà tí ojú ọ̀run bá mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹran.

Èmi ò lè yàn fún yín. Ẹ wọ jígí yín lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ gbé méjèèjì bọ́ sí ìta. Abẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù, gbogbo awò ló dáa. Ẹ wá ibi òjìji, abẹ́ igi tàbí ẹ̀yìn ilé, kẹ́ ẹ wo ìlà tín-ín-rín níbẹ̀. Ẹ wo ẹ̀ka igi tó dojú kọ ọ̀run, kẹ́ ẹ wá àlùkò létí rẹ̀. Kẹ́ ẹ wá na awò jìnnà sójú ní ìwọ̀n apá kan, kẹ́ ẹ wo róbótó ìmọ́lẹ̀ méjèèjì ní gíláàsì ẹ̀yìn. Ó gbọ́dọ̀ rí róbótó bí òṣùpá. Bí igun rẹ̀ bá gé, prism rẹ̀ kò tó. Lẹ́yìn náà, ẹ wo nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún láìgbé e kúrò lójú. Bí orí bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ yín, ihò méjèèjì kò kojú síbì kan náà, ẹ dá a padà.

Ọdẹ_ÒkèÒgùn

Èyí tí àwọn ọmọ wa máa ń mú wá sílé ńkọ́? Awò mi àtijọ́, gíláàsì rẹ̀ ti hu nǹkan bí òwú aláǹtakùn nínú.

Àjàní_Glasgow

Baba, olú ni. Ó máa ń hù nínú awò tí kò dí pa tó bá wà nínú ọ̀rinrin. Tó bá ti wọ inú prism, owó àtúnṣe rẹ̀ lè ju owó awò lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ra èyí tí wọ́n fi náítírójìn kún. Ní ìgbà òjò, ẹ fi sínú ike tó ní ìdérí, kẹ́ ẹ fi àpò kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sí i, wọ́n máa ń fa ọ̀rinrin. Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ má ṣe fi etí agbádá nu gíláàsì. Iyanrìn ló wà nínú eruku yẹn, ó máa ń ha ìkùn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a dànù ná, kẹ́ ẹ tó fi aṣọ gíláàsì nù ún.

Kẹ́ ẹ sì sọ fún ọmọ yín pé kó má ra aláwọ̀ aṣọ sójà. Dúdú tàbí àwọ̀ ewé lásán ni. Ẹ mọ bí ojú ọ̀nà ṣe rí.

Ọdẹ_ÒkèÒgùn

Òótọ́ nìyẹn. Ògún á gbè yín.

Àlàbí_Georgia

Mo ti dé láti ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n gbà kí n gbé méjèèjì jáde lẹ́yìn tí oòrùn ti wọ̀. Pẹ̀lú jígí mi, Diamondback ń bo etí àwòrán mọ́ mi lójú díẹ̀, Monarch hàn yíká. Ìmọ́lẹ̀ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ lójú mi, èmi ò purọ́. Monarch ni mo rà. Ṣẹ́gun, mo fi $35 mìíràn ra okùn èjìká yẹn, nítorí náà ìwọ lo máa bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀.

Dókítà, ojú ọ̀tún mi kì í mọ́ tó ti òsì nínú rẹ̀. Ṣé awò ló ní àbùkù?

Dókítà_Ojú

Rárá o, ojú yín méjèèjì ni kò dọ́gba, ti ẹnikẹ́ni kì í sábà dọ́gba. Ẹ wá òrùka tó ń yí lára gíláàsì ẹ̀yìn apá ọ̀tún. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo gíláàsì iwájú ti ọ̀tún, kẹ́ ẹ fi ojú òsì wo nǹkan kan tí kò kúrò lójú kan, kẹ́ ẹ yí kọ́kọ́ àárín títí yóò fi mọ́ kedere. Lẹ́yìn náà, ẹ bo ti òsì, kẹ́ ẹ wo nǹkan kan náà. Ẹ má fọwọ́ kan kọ́kọ́ àárín mọ́, òrùka yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ yí. Ó tán. Láti ìgbà náà, kọ́kọ́ àárín nìkan lẹ ó máa lò.

Àlàbí_Georgia

Ó ti mọ́ báyìí! Ọmọkùnrin mi náà fẹ́ máa lò ó. Ṣé gbogbo ìgbà ni màá máa tún un ṣe?

Dókítà_Ojú

Ẹ fi kọ́tẹ́ẹ̀sì kán àmì kékeré sí ibi tí òrùka wà fún yín. Bí ọmọ bá lò ó tán, ẹ yí i padà sí àmì yẹn kẹ́ ẹ tó gun igi.